Èsì: Kí ló dé tí a kò kàn da fọ́ńgọ́ọ̀sì sórí pòròpórò?

Ẹ bèèrè pé, bí fọ́ńgọ́ọ̀sì (ohun alààyè tó jẹ́ ẹbí olú) bá lè mú igi jẹrà, kí ló dé tí a kò kàn dà á sórí pòròpórò àgbàdo kí ó di epo ọkọ̀. Oúnjẹ tirẹ̀ ló ń wá o! Ṣúgà tó bá tú jáde, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ́ńsáìmù rẹ̀, ìyẹn èròjà tó fi ń tú igi sí ṣúgà, la nílò; ìwúkàrà ni yóò wá sọ ṣúgà náà di ọtí tí a ń lò bí epo ọkọ̀.

Gbajúmọ̀ inú àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì wọ̀nyí ni Trichoderma reesei, tí wọ́n rí níbi tó ti ń ba aṣọ àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jẹ́ ní erékùṣù Solomon nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ẹ́ńsáìmù rẹ̀ pín iṣẹ́ ṣe. Ọ̀kan ń gé okùn sẹ́lúlóòsì (ṣúgà tó so kọ́ra gígùn nínú ara igi àti pòròpórò) láàárín, òmíràn ń já a ní méjì-méjì láti etí, ẹ̀kẹta ló ń sọ méjì náà di ṣúgà gúlúkóòsì ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta yìí kì í pọ̀ tó lára Trichoderma, ìyẹn ni wọ́n ṣe sábà ń fi ti Aspergillus, fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, kún un. Bí kò bá tó, ṣúgà oníméjì á kó jọ, á sì dí àwọn yòókù lọ́wọ́.

Lójú tèmi, lígíníìnì, èròjà tó ń mú igi le, ni ìṣòro tó tóbi jù. Ó bo sẹ́lúlóòsì mọ́lẹ̀, àfi kí a kọ́kọ́ fi ooru omi gbígbóná tàbí ásíìdì tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńsáìmù fẹ́ ooru bíi 50°C, ìwúkàrà sì fẹ́ bíi 30°C sí 35°C, nítorí náà ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ sínú àgbá kan yóò fi iyára díẹ̀ sílẹ̀.