Ẹ má san owó amọ̀nà Erédò Súngbọ́ l'Ékòó

Àǹtí, ẹ kú ètò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó ẹbí wá wo Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó ti dá iye kan lé e, ọkọ̀, oúnjẹ àti amọ̀nà lápapọ̀, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ san án, àti bóyá Màmá tí orúnkún ń yọ lẹ́nu lè bá yín lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Mo ti mú àlejò lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti mú èmi náà lọ bí àlejò. Tí ọkọ̀ wọn bá dára, ẹ san owó ọkọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n yọ owó amọ̀nà kúrò. Amọ̀nà tó mọ Erédò kì í gbé Èkó. Ó wà lábúlé, bóyá oko ló wà báyìí.

Ojú mi ló rí i tí mo fi ń sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ló kó èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi láti Ọ̀jọ́ta. Wọ́n ní aago méje àárọ̀ la máa gbéra. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí awakọ̀ tó yọjú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowé àti Ìbàfò sì gba ìyókù àárọ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a fi máa yà ní Ṣágámù, tí a gba ọ̀nà Benin dé Ìjẹ̀bú-Òde, oòrùn ti kọjá àtàrí. Ọmọkùnrin tí wọ́n pè ní amọ̀nà wa, inú fóònù ló ti ń kà á fún wa. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí kò sí nínú fóònù, á rẹ́rìn-ín, á ní, "A máa débẹ̀." Òkè-Èrí la lọ tààrà, níbi ojúbọ Bilikísù Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n fi Erédò sọrí, níbi tí wọ́n ní sàréè rẹ̀ wà. A ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì inú ike, wọ́n ní ó ti tó àkókò ká máa padà. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, yàrà náà ńkọ́? Ọmọ náà nawọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ sí igbó kan, ó ní, "Òun nìyẹn lọ́hùn-ún." Oko ọ̀pẹ ẹni ẹlẹ́ni ni. Mo mọ olóko náà.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó bá wa lọ lọ́jọ́ náà ti padà sílé, wọ́n ń sọ fún àwọn ènìyàn pé àwọn ti rí Erédò, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Erédò kì í ṣe ohun tó dúró sójú kan tí ènìyàn á lọ bá. Yàrà ni wọ́n gbẹ́, erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde ni wọ́n sì fi mọ odi sí etí rẹ̀ nínú. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ. Ibi tó yí ká náà fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù. Níbi tó bá jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi lè tó 20 mítà. Kò sí ẹni tó lè rí gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, ibì kan péré lẹ máa yàn, ibi tí ẹ bá sì yàn ló máa sọ bóyá ìrìn yín dára tàbí kò dára. Ibòmíràn wà tí òjò ti wọ́ ilẹ̀ kún un, tí ẹ máa rò pé gọ́tà ni. Ibòmíràn, wọ́n ti la ọ̀nà kọjá láàárín rẹ̀, wọ́n sì ti bu erùpẹ̀ odi níbòmíràn lọ fi kọ́lé. Ẹni tó mọ ibi tó ṣì dáa, tó sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà wọ̀ ọ́ lásìkò yìí, ni ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé apá Lẹkki tàbí Àjàh, ẹ má wulẹ̀ gba ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ gba Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà tó ti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde gba ìlú Erédò kọjá, orúkọ yàrà yìí gan-an ni ìlú náà ń jẹ́. Lórí máàpù òde òní, Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n kà á kún, àmọ́ àwọn tó gbẹ́ yàrà kò bá gómìnà kankan jíròrò. Yàrà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì le, tí oòrùn ò tíì mú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ jẹun, kí ẹ wá fi Òkè-Èrí kádìí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń yí i padà torí pé ojúbọ rọrùn fún wọn, bọ́ọ̀sì lè dé itòsí rẹ̀. Tí wọ́n bá fi máa kúrò níbẹ̀, ọjọ́ ti lọ.

Bàbá ọdẹ kan ló mú èmi wọ inú yàrà náà dáadáa. Ó ń fi àdá ṣán ewé níwájú, ó yà sápá òsì, ó sì dúró. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Ó ní kí n wo ẹsẹ̀ mi, àfi bí mo ṣe rí i pé ilẹ̀ ti tán níwájú mi. Igi ti hù sí etí méjèèjì, ẹ̀ka wọn ti pàdé lókè, kò jẹ́ kí ènìyàn tètè rí i. A di gbòǹgbò mú sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn tutù ju ti òkè lọ, ohùn wa sì ń padà sọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ pupa líle ni ògiri méjèèjì, ó tutù rinrin, ó ti hu ewé wẹ́wẹ́ bí ògiri kànga àtijọ́. Bàbá ká gbòǹgbò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n fọwọ́ kan ògiri náà. Ó dán. Kò rí jágajàga bí ibi tí ọ̀gbàrá gbẹ́, ó tẹ́jú láti òkè wá sílẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan ra á. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é, ọkọ́ àti agbọ̀n, ní ìlà tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Bírítéènì tó wọn Erédò ní àwọn ọdún 1990, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó tó kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 3.5, pé ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Mo ti ka iye yẹn tẹ́lẹ̀, kò wọ̀ mí lára. Ìgbà tí mo dúró nísàlẹ̀, tí mo ń wá ojú ọ̀run láàárín ewé, ló tó yé mi.

Bàbá yẹn náà ló kọ́ mi ní ìbéèrè tí mo fi ń dán amọ̀nà wò títí dòní. Ẹ sáà bi í pé, "Níbi tí a dúró sí yìí, apá wo ni Ìjẹ̀bú wà?" Etí kan ga ju èkejì lọ, torí inú ni wọ́n da erùpẹ̀ sí, kí ọ̀tá tó bá ń bọ̀ láti ìta kọ́kọ́ já sínú yàrà kó tó máa gun òkè. Ẹni tó bá mọ Erédò á nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń wo apá ọ̀tún, tó ń wo apá òsì, tó wá ń yọ fóònù, ẹ fún un lówó omi kó máa lọ.

Ní ti bí ẹ ṣe máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹ má kàn já wọ igbó. Ẹ béèrè ilé baálẹ̀ tàbí ti àgbà àdúgbò, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ẹ̀yin kúnlẹ̀, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi wá. Wọ́n á pe ẹnì kan fún yín, ọdẹ tàbí àgbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè yọ sí yín lójú títì pé àwọn ni alákòóso ibẹ̀. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣáà máa béèrè ilé baálẹ̀, wọ́n á rọra fi yín sílẹ̀. Ẹ sọ iye owó kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kí ẹ sì kó o lé amọ̀nà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá jáde. Ẹ tún fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà tó pè é.

Ẹ mú aṣọ alápá gígùn, yèrèpè wà níbẹ̀, kì í ṣeré. Bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má wá lásìkò òjò rárá, ilẹ̀ pupa yẹn máa ń yọ̀, bí ẹ bá sì sọ̀ ọ́ tán, ẹ ò ní mọ bí ẹ ó ṣe gòkè. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì ló dára jù.

Ẹ tún wo ọjọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ọ̀nà tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde ló máa ń kún fọ́fọ́. Bí ó bá jẹ́ Ojúde Ọba lẹ fẹ́ wò, ẹ wá fún òun nìkan. Tí ó bá sì jẹ́ ìgbà ọdún Agẹmọ, obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí Agẹmọ lójú ọ̀nà, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú ẹbí yín. Ẹ pe ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ní Òkè-Èrí, wọ́n máa sọ fún yín pé Bilikísù Súngbọ́ ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Ọba Sólómọ́nì. Wọ́n á tún ní opó olówó ni, kò bímọ, ìyẹn ló fi ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun. Àwọn ọmọ yín tó ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ máa béèrè bóyá òótọ́ ni. Èrò tèmi rèé. Sólómọ́nì ti wà láyé ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nípa Erédò ni pé wọ́n gbẹ́ ẹ láàárín ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù. Àwọn tó tún wá wa ilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn, sún un wá sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Potogí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Geebuu, ìyẹn Ìjẹ̀bú, tí yàrà ńlá yí i ká. Èyí tí a bá mú nínú ọdún wọ̀nyí, kò dé ọ̀dọ̀ Sólómọ́nì. Àmọ́ inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ló ń wá gbàdúrà níbi sàréè yẹn. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dìde sí àgbàlagbà tó ń tọ́jú ibẹ̀, tó ń bá a ṣe àríyànjiyàn ọdún, nígbà tí ẹnì kan wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń sunkún. Ojú tì mí fún un. Ní tèmi, pé kì í ṣe ará Ṣébà kò ní kí n gbàgbé pé obìnrin làwọn baba wa fi iṣẹ́ tó tóbi tó báyìí sọrí.

Ẹ má retí ohun tí ẹ rí ní Ọ̀ṣun Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun ti wọ ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005. Erédò ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dúró de ìwọlé láti ọdún 1995, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ẹ má retí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi yàrà, ẹ ti ṣe é tán ní ilé epo ní Ẹ̀pẹ́.

Màmá lè wá. Kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ o, orúnkún wọn ò ní gbà. Níbi tí títì ti la Erédò kọjá, wọ́n lè jókòó sínú ọkọ̀ kí wọ́n wo bí ilẹ̀ ṣe ga lápá kan tó sì rì lápá kejì, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Wọ́n á bá yín dé Òkè-Èrí.

Oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ náà kà kún owó, ẹ yọ òun náà. Ẹ ò lè wá sí Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ máa jẹ ìrẹsì inú ike nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná wà. Bí ẹ bá ń padà gba Ẹ̀pẹ́, ẹ gbé kúlà dání fún ẹja ọjà Olúwo, kí ẹ sì ra gàrí yín ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ tó kúrò.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè yọ ohunkóhun kúrò nínú owó náà, ẹ lọ bá àwọn onímọ́tò ní gáréèjì, kí ẹ gba bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ kó yé e kí ẹ tó fún un lówó pé ó máa dúró dè yín ní Erédò, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti wọ igbó báyìí, wọ́n á sáré lọ gbé èrò sí i ní Ẹ̀pẹ́. Ìdajì owó ni kí ẹ kọ́kọ́ san, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá já yín sílẹ̀ nílé.