Ẹ Ka Ohun Tó Tẹ̀ Lé "i7" Kí Ẹ Tó Sanwó

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ méjì ni wọ́n fi lọ̀ yín ní Lágere, pé iye owó wọn kò jìnnà síra, pé ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan (processor, tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe) jẹ́ i7-7500U, ti èkejì jẹ́ i5-8250U, àti pé ẹni tó ń tà wọ́n ní i7 ló lágbára jù. Ẹ jọ̀wọ́, i5 yẹn ni kí ẹ rà fún ọmọ tó ń wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Owó ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Ifẹ̀ níbí, mo fi owó tí mo kó jọ fún oṣù mẹ́jọ ra i7-5500U láti máa fi to fídíò ìgbéyàwó, nítorí orúkọ i7 nìkan ni mo wò. Bí mo bá gbé iṣẹ́ lé e lórí, fáànù rẹ̀ á máa hó títí di òru, iná á sì lọ kí ó tó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní i7-4700MQ, ìran kẹrin, tó lọ́jọ́ lórí ju tèmi tó jẹ́ ìran karùn-ún lọ, síbẹ̀ kíá ni tirẹ̀ ń parí iṣẹ́ kan náà. Core mẹ́rin, ìyẹn àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, ló wà nínú tirẹ̀, méjì péré ló wà nínú tèmi; lẹ́tà Q tó gbẹ̀yìn kóòdù rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú irú àwọn kóòdù wọ̀nyí, nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́yìn ìlà kékeré náà ni ìran, lẹ́tà U sì ń sọ pé wọ́n ṣe é kí ó má jẹ iná púpọ̀. Títí dé ìran keje, core méjì ni Intel ń fi sínú i7 tó ní U. Ìran kẹjọ, lọ́dún 2017, ni i5 àti i7 oní-U di oní-core mẹ́rin, bí i5-8250U tí wọ́n fi lọ̀ yín. Yàtọ̀ sí èyí, i7-7500U kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró.

Ẹ má gba sítíkà ara rẹ̀ gbọ́, nítorí ó ṣeé ṣí kúrò lára ẹ̀rọ kan lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kí ọmọ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ó kọ msinfo32, kí ó sì ka ohun tó wà níwájú "Processor". Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.