Ìbéèrè Òǹkàwé: Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Orí Yìnyín Mi Ń Yí Lásán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Bí mo bá fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ orí yìnyín mi ní epo lójijì, ṣe ni bẹ́líìtì rọ́bà abẹ́ rẹ̀ máa ń yí lásán lójú ọ̀nà tí yìnyín rẹ̀ ti le. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú okùn tó so apá iwájú férémù bẹ́líìtì náà sílẹ̀ títí dé ihò tó gbẹ̀yìn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì ń gbéra kíákíá báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní epo ní kọ́nà, síkì méjèèjì, ìyẹn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ iwájú tó ń darí ọkọ̀, á gbé sókè, ọkọ̀ á sì máa lọ tààrà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó kàn sọ fún yín. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré gbéra, ìwúwo rẹ̀ àti ti ẹni tó jókòó lé e máa ń sún kúrò lórí síkì lọ sórí bẹ́líìtì, ìwúwo yìí ni ó sì ń tẹ eyín bẹ́líìtì wọnú yìnyín kí ó tó lè rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dé ẹ̀yìn, iwájú ni ó ti kúrò, síkì tí kò sì ní ìwúwo lórí kò lè darí ọkọ̀ kankan.

Apá méjì ni ó wà nínú férémù náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kù tirẹ̀. Okùn tí ẹ tú, tí wọ́n ń pè ní limiter strap, ni kì í jẹ́ kí apá iwájú na kọjá ààyè. Bí ó bá ṣe gùn tó ni imú ọkọ̀ ṣe lè gbé sókè tó nígbà tí ẹ̀yìn bá rọlẹ̀. Ẹ dá a padà sí ihò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà fi í sí, nítorí mo fura pé ibòmíràn ni àìsàn náà wà: sìpíríǹgì ẹ̀yìn yín ti le jù. Bí ó bá le jù, ẹ̀yìn kò ní rọlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra, ìwúwo á jókòó sórí síkì, bẹ́líìtì á sì máa yí lásán.

Téèpù ni ẹ ó kọ́kọ́ mú, kì í ṣe sípánà. Ẹ gbé bọ́ńpà ẹ̀yìn sókè títí ṣọ́ọ̀kù yóò fi na tán, kí ẹ sì wọn bí bọ́ńpà ṣe ga sí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ gbogbo aṣọ tí ẹ fi ń gùn ún, ẹ jókòó, ẹ mi ara díẹ̀, kí ẹlòmíràn sì tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì yẹ kí ó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìrìn ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyẹn gbogbo ibi tí ẹ̀yìn lè rọlẹ̀ dé láti òkè. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ iye mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá kéré jù, ẹ dẹ sìpíríǹgì ẹ̀yìn. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ fún un le.

Ìgbà yìí ni a tó lè padà sórí okùn, ní ihò kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gun ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà kan náà kí ẹ tó tún fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí ó bá ku díẹ̀, sìpíríǹgì ṣọ́ọ̀kù apá iwájú férémù ni ẹ ó fi tún un ṣe: bí ẹ bá fún un le, síkì á fúyẹ́, bí ẹ bá dẹ ẹ́, síkì á tẹ ilẹ̀ sí i. Ẹ wo irin abẹ́ síkì pẹ̀lú, nítorí bí ó bá ti jẹ tán, ọkọ̀ kò ní yà dáadáa bí ìwúwo tilẹ̀ pé. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí yìnyín dídì tó ń dán ni bẹ́líìtì ti ń yọ̀, ìṣó bẹ́líìtì, ìyẹn ìṣó irin tí wọ́n ń dè mọ́ rọ́bà náà, ni ẹ nílò. Kò sí ṣọ́ọ̀kù tó lè mú kí rọ́bà lásán di irú ibẹ̀ mú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ètò kan náà ni kí n lò nínú yìnyín rírọ̀ tó jìn, tí mo bá ń gun òkè?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Òkè fúnra rẹ̀ ti ń ti ìwúwo sẹ́yìn, nítorí náà bí okùn bá gùn jù, imú á gbé sókè, bẹ́líìtì á sì gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi rì. Ẹ fa okùn náà wọlé ní ihò kan tàbí méjì kí bẹ́líìtì lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yìnyín. Bí ẹ bá padà sójú ọ̀nà líle, ẹ rántí dá a sí ààyè rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ìdarí yóò wúwo, bẹ́líìtì yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yí lásán.