Báwo ni mo ṣe lè ṣàpèjúwe ipò àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á?

Ẹ sọ pé ẹ bá àwo mẹ́fà nínú àpótí bàbá yín àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pé wọ́n le, wọ́n sì wúwo. Bí wọ́n bá jẹ́ irú èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, irú tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Parlophone fi gba orin Túndé King, olórin jùjú, sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ṣẹ́láàkì, ìyẹn oje líle tí kòkòrò ń pèsè, ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ike, ó sì lè fọ́ bí tánganran bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé e síbi tí iná ti ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti di aláwọ̀ eérú ni abẹ́rẹ́ irin ti jẹ, kò sì sí nínù tó lè dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí ìka di etí rẹ̀ mú láìfún un, kí ẹ rọra fi èékánná kan etí kejì: bí ó bá dún gooro, ó pé, bí ó bá dún bí ohun tó ti là, ó ti sán níbì kan, bí ojú yín kò tilẹ̀ rí i.

Ẹ má fi sípíríìtì nù ún láé, nítorí pé ó máa ń yọ́ ṣẹ́láàkì.

Ẹ má kọ “ó dára” lásán. Ẹ kọ bí ibi tó sán ṣe gùn tó àti bóyá ó wọ ojú orin, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Ẹ kọ bóyá bébà àárín ti bu, nítorí ọ̀rinrin Èkó kì í ṣàánú bébà. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí ẹ sọ bóyá ẹ ti gbọ́ ọ, tàbí ojú nìkan ni ẹ fi wò ó.