Awò Wo Ló Yẹ Ráífù Kúkúrú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Katy ní Texas níbí ni mò ń gbé. Ìwé àṣẹ tí mo kọ sí ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, láti sọ ráífù AR mi di kúkúrú ti jáde, ọ̀pá ínṣì 10.5 ni mo fi sí i. Ààbò ilé ni mo fẹ́ ẹ fún, mo sì máa ń gbé e lọ sí réńjì lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra awò 1 sí 6, èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni títí dé ìlọ́po mẹ́fà. Èkejì ní red dot ni kí n rà, awò tí kì í sún nǹkan mọ́ni, tó kàn ń fi àmì pupa kan hàn. Mo yá ti èkejì yìí wò, àmì pupa inú rẹ̀ kò rí róbótó lójú mi, ńṣe ló fọ́n ká bí ìràwọ̀. Mo máa ń lo gíláàsì ojú tí mo bá ń wakọ̀ lálẹ́. Owó ọwọ́ mi kò ju 600 dọ́là lọ. Èwo ni kí n mú? — *Ọmọ Ìjẹ̀bú, Katy*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ti fẹnu ara rẹ dáhùn láì mọ̀. Àmì tó fọ́n ká yẹn kì í ṣe àbùkù awò ọ̀rẹ́ rẹ, ojú rẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká fi ariyanjiyan àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀ ná.

Lọ́dún tí mo pé 47, mo ra red dot kan ní ilé ìtajà kan ní Houston. Mo délé, mo tàn án, tòmátì tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo rí nínú rẹ̀. Mo dá a padà. Wọ́n fún mi ní òmíràn, tòmátì yẹn náà ni. Mo gbé ohùn sókè sí ọmọkùnrin tó tà á fún mi, mo ní ayédèrú ọjà ló ń tà. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí dókítà ojú fi sọ fún mi pé mo ní astigmatism. Awọ tó ń dán níwájú ẹyinjú mi kò rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹyin, ìmọ́lẹ̀ kékeré tó bá gbabẹ̀ wọlé kò lè kóra jọ sójú kan. Mo padà lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ìwọ náà, dán an wò báyìí. Gbé kámẹ́rà fóònù rẹ sẹ́yìn awò ọ̀rẹ́ rẹ, ya fọ́tò àmì náà. Tó bá rí róbótó nínú fọ́tò, ojú rẹ ni. Lẹ́yìn náà, din ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, kó o wo inú ihò kékeré ti sáìtì onírin ẹ̀yìn. Tí àmì náà bá kóra jọ lójú ihò yẹn, ẹ̀rí kejì nìyẹn. Wò ó pẹ̀lú gíláàsì rẹ pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí gíláàsì nìkan parí ọ̀ràn náà fún, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá dún nílé ní aago mẹ́ta òru, ta ló ń wá gíláàsì kó tó dìde?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o ra awò prism tí kì í sún nǹkan mọ́ni, èyí tí wọ́n ń kọ 1x sí lára. Nínú red dot, iná ni àmì náà, ó kàn ń tàn padà sójú ẹni ni. Ti prism yàtọ̀: wọ́n ti fín àmì náà sára gíláàsì inú rẹ̀. Òrùka kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wàá máa yí títí àmì náà á fi mọ́ lójú rẹ, bí ẹni ń tún awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ṣe. Bí bátìrì bá kú pátápátá, àmì náà á ṣì wà níbẹ̀ ní dúdú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojú rẹ gbọ́dọ̀ dúró síbi tó yẹ lẹ́yìn rẹ̀. Red dot kò le tó bẹ́ẹ̀, o lè fi orí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kó o ṣì rí àmì. Nítorí náà, fi gígbé e sójú kọ́ra, pẹ̀lú ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kó o tó gbára lé e. Àwọn tó dáa wà tí kò tó 400 dọ́là.

1 sí 6 ńkọ́? Awò gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀pá yìí. Ọta 5.56 oní-55 grain (ìyẹn bó ṣe wúwo tó) tó ń fi bíi 3,200 ẹsẹ̀ bàtà sáré ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá jáde lẹ́nu ọ̀pá ínṣì 20, bíi 2,700 ló máa kù sí lẹ́nu ọ̀pá rẹ. Ibi jíjìn tí awò ńlá wà fún, ọta rẹ kì í débẹ̀ pẹ̀lú agbára tó yẹ. Tó o bá sì ka ìdè tó so ó mọ́ ìbọn mọ́ ọn, ó lè wúwo ju pọ́ùn kan àbọ̀ lọ, lórí ìbọn tó o gé kúrú nítorí kó lè fúyẹ́. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà tí wọ́n lo Mk 18, ráífù kúkúrú bíi tìrẹ tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 10.3, EOTech (awò holographic) àti Aimpoint (red dot) ni wọ́n sábà máa ń gbé sórí rẹ̀.

Tí ojú rẹ bá gbà á ni wàá rò ó láàárín àwọn méjèèjì yẹn, tówó rẹ bá sì pọ̀ sí i. Aimpoint T-2 á tàn fún wákàtí 50,000 lórí bátìrì pẹlẹbẹ kan, ìyẹn ju ọdún márùn-ún lọ láì pa á. EOTech XPS kò ju nǹkan bíi 1,000 lọ, ó sì máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 8, ṣùgbọ́n òrùka ńlá inú rẹ̀ yára mú ojú, àwọn tó ní irú ojú wa sì ń sọ pé ó sàn díẹ̀ fún wọn ju red dot lọ.

Ní báyìí, gbọ́ èyí tó ká mi lára jù. Má ná gbogbo 600 náà sórí awò. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ṣakí. Ṣakabùlà ló ń gbé, kò sí awò kankan lórí rẹ̀. Ohun tó ní ni iná kábáìdì tó máa ń dè mórí, mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ títí dòní. Tí iná yẹn bá kan ojú nínú igbó, tí ojú náà tàn, bàbá mi kì í tíì yìnbọn. Á dúró, á wo bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra, á wo bó ṣe ga tó sílẹ̀, nítorí ọdẹ mìíràn lè wà nínú igbó náà. Mo ti jókòó tì í rí lórí igi kan, tó wo ojú kan pẹ́ títí, tó sì sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀. Nílé rẹ ní Katy, ẹni tó ń rìn nínú kọ́rídọ̀ lóru lè jẹ́ ọmọ rẹ tó fẹ́ mu omi. Ra iná tó dáa, dè é mọ́ ìbọn náà, kó o sì ní tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ lọ́tọ̀, torí a kì í fi ẹnu ìbọn wá ẹni tá ò tíì mọ̀.

Tó o bá de awò náà, fún skúrù rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ kọ, má fi agbára ṣe é. Mo máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí skúrù dé ara ìdè. Ọjọ́ tí ìlà náà bá ya ni mo mọ̀ pé ó ti tú. Kó o sì ní àpótí onírin oníkọ́kọ́rọ́ sílé. Tó o bá fẹ́ gbé ìbọn náà kọjá sí Louisiana, gba àṣẹ ATF lórí fọ́ọ̀mù 5320.20 kó o tó kọjá ààlà. Owó orí 200 dọ́là tí òfin ọdún 1934 gbé lé ráífù kúkúrú ti di òdo láti oṣù kìíní ọdún 2026, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, mo ti tún awò orí ráífù AR mi ṣe ní yáàdì 50, ó ń bá àárín gan-an. Àmọ́ tí mo bá sún mọ́ bébà dé yáàdì 7, ọta máa ń bà nísàlẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — *Ìyá Táyé, Stone Mountain, Georgia*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, kò bàjẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àárín awò yín fi bíi ínṣì 2.6 ga ju àárín ihò ọ̀pá lọ, nítorí náà ọta ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ibi tí ojú yín ti ń wo. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pàdé ojú yín ní yáàdì 50. Ní yáàdì 7, kò tíì gòkè tó, ó ṣì fi bíi ínṣì 2 wà nísàlẹ̀. Ẹ lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, ẹ fi bírò fa àmì kékeré kan, kí ẹ gbé àmì awò sí ínṣì 2 lókè rẹ̀, kí ẹ yin ọta márùn-ún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní yáàdì 3, 7, 15 àti 25, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sẹ́yìn bébà kọ̀ọ̀kan kí ẹ kó wọn lọ sílé.