Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Arrow rest wo ló yẹ ọrun ọdẹ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Brooklyn Park ní Minnesota ni mò ń gbé. Mo ti parí kíláàsì ààbò ọdẹ, mo sì ti ra ọrun compound (ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lókè àti nísàlẹ̀) àlòkù kan, tí agbára fífà rẹ̀ jẹ́ páùn 60, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ti tú arrow rest ara rẹ̀, ìyẹn ohun tí ọfà ń sùn lé, lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ, wọ́n ní drop-away, irú rest tó ń wólẹ̀ bí ọfà bá ti gbéra, ni kí n rà, owó rẹ̀ sì lé ní 150 dọ́là. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé Whisker Biscuit, irú rest onírun tí kò tó ìdajì owó yẹn, ti tó mi. Orí igi ni màá ti máa ṣọ́ àgbọ̀nrín, láti oṣù kẹsàn-án títí òtútù yóò fi mú. Èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ló gba ìbò mi. Ra Whisker Biscuit, kí o sì fi owó tó ṣẹ́ kù ra ọfà sí i, kí o máa fi kọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará ṣọ́ọ̀bù náà kò parọ́ fún ọ. Ohun tí ìwọ fẹ́ fi ọrun ṣe ni wọn kò bi ọ́.

Iṣẹ́ méjì ni rest ń ṣe. Ó ń gba ọfà dúró títí o fi máa ta á. Bí o bá sì ti ta á, ó gbọ́dọ̀ yàgò kí ìyẹ́ ọfà lè kọjá láìfara gbún ohunkóhun. Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn ọlọ́jà ń pariwo. Ọrun ọdẹ ni mò ń tún ṣe, ti àkọ́kọ́ ló sì ká mi lára jù. Wò ó ná: o wà lórí igi, ìka rẹ ti kú fún òtútù, àgbọ̀nrín dúró ní yáàdì 20. O rọra fa ọrun, ọwọ́ gbọ̀n, ọfà yẹ̀ kúrò lórí rest, ó gbá irin àárín ọrun, kọ̀! Àgbọ̀nrín gbé orí sókè, ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó na ìrù funfun rẹ̀ sókè, ó di gbére.

Whisker Biscuit kò ní gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Òrùka ni, irun líle bíi ti búrọ́ọ̀ṣì kún inú rẹ̀, ihò kékeré kan sì wà láàárín tí ọfà ń gbà kọjá. Bí ọfà bá ti wọ ibẹ̀, o lè dojú ọrun kọ ilẹ̀, kò ní já bọ́. (Má tìtorí èyí gbé ọfà sórí osán kí o máa gun igi o! Gun igi tìrẹ tán, kí o tó fi okùn fa ọrun tẹ̀lé ọ.) Kò sí sípíríǹgì nínú rẹ̀, kò sí okùn, kò sí ohun tó ń lọ sókè sódò tó lè bàjẹ́.

Wọ́n á ní irun yẹn ń dín eré ọfà kù. Òótọ́ ni. Ká ní ọfà rẹ ń sá fíìtì 280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí irun náà mú fíìtì 3 kúrò níbẹ̀. Ní yáàdì 20, ìyàtọ̀ ibi tí ọfà máa bà kò pé ìdámẹ́rin ínǹṣì. Àgbọ̀nrín kò ní mọ̀ ọ́n.

Àbùkù rẹ̀ tó yẹ kí o mọ̀ ni pé ìyẹ́ ọfà ń ha irun náà ní gbogbo ìgbà tí o bá ta. Má lo ìyẹ́ ẹyẹ, yóò rún un. Ìyẹ́ ike kúkúrú tó le ni kí o lò, irú Blazer ti Bohning tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2. Irun náà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí o bá rí i pé ọfà ti ń rì sísàlẹ̀ nínú ihò, pààrọ̀ rẹ̀. Àti òtútù Minnesota yẹn: bí irun bá rin fún òjò tàbí yìnyín, tí ó wá dì, yóò le gbagidi, ọfà kò sì ní lọ bó ṣe yẹ. Fi nǹkan bò ó bí o bá ń rìn lọ, kí o sì máa fi ìka gbọn omi kúrò lára rẹ̀ kó tó dì.

Drop-away ní tirẹ̀, apá kékeré kan ló gbé ọfà dúró, tó ń wólẹ̀ bí ọfà bá ti gbéra, kí ìyẹ́ má baà kan ohunkóhun. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú àkọ́kọ́, okùn rẹ̀ so mọ́ kébù ọrun (okùn líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ osán), irú bíi ti ilé-iṣẹ́ QAD. Bí o bá ń fa ọrun, kébù á fa apá náà dìde. Bí okùn yẹn bá já tàbí tó tú, nínú púpọ̀ wọn, rest kò ní dìde, ọjọ́ ọdẹ rẹ sì parí nìyẹn. Nínú èkejì, apá ọrun fúnra rẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ bí o bá fa osán, ni okùn so mọ́, irú bíi ti Hamskea tàbí Vapor Trail. Okùn ló ń fà á wálẹ̀, sípíríǹgì ló ń gbé e dìde. Nítorí náà bí okùn bá já, rest á dúró sókè, o ṣì lè ta ọfà. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn. Ó tún rọrùn láti so. Ti kébù sábà máa ń gba ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọrun, èyí tí kì í sí nílé ènìyàn.

Ìgbà wo ni màá ní kí o ra drop-away? Bí o bá ń ta kọjá yáàdì 40, tàbí tí o ń lo orí ọfà olójú gbooro tí kì í ká, tó sì ń yà kúrò níbi tí ọfà ìdánrawò ń bà. Nígbà náà, ra irú tó ní àmúró yíká ọfà, kí o sì lẹ aṣọ rírọ̀ mọ́ ibi tí ọfà ń sùn lé, kó má baà máa dún.

Kí o tó sanwó, wo ọrun rẹ. Àwọn ọrun tuntun kan ní ojú irin lẹ́yìn tí rest ń wọ̀ sí tààrà. Àlòkù tìrẹ lè jẹ́ ihò oníbóòtù nìkan ló ní, kí ohun tí o máa rà sì bá a mu. Rí i dájú pé ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni bí ọwọ́ ọ̀tún ni o fi ń fa osán, kí o sì mú ọfà rẹ dání, torí Whisker Biscuit ní ìwọ̀n ihò oríṣiríṣi. Níwọ̀n ìgbà tí ọrun ti jẹ́ àlòkù, bi wọ́n nípa osán náà. Àwọn bàbá wa ní bí osán bá já, ọrun a di ọ̀pá. Compound tí osán rẹ̀ já lè fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bí o bá ti dè é tán, jẹ́ kí ọfà kọjá ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ihò bóòtù, kí àárín rẹ̀ jìnnà sí irin ọrun ní nǹkan bí ínǹṣì 13/16. Láti mọ̀ bóyá ọfà ń lọ tààrà, ta á gba inú pépà láti nǹkan bíi yáàdì 2. Bí ìdí ọfà bá ya pépà sókè ju ihò orí rẹ̀ lọ, rest ti lọ sílẹ̀ jù. Gbé e sókè díẹ̀, kí o tún ta.