Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òrùlé Ìjọ, Owó Àwọn Ará Ẹ̀yìn Odi, àti Ìṣọ̀kan Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Olùṣọ́-àgùntàn. Èmi ni akọ̀wé Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Òrùlé ilé ìjọsìn wa ń jò. Àwa tí a wà nílé fẹ́ pààrọ̀ páànù rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Ìlọrin àti Èkó ní kí a wó ilé náà, kí a kọ́ tuntun. Wọ́n sì ti ń dá owó jọ sínú àsùnwọ̀n tí àwa kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti Ọdún Àjíǹde tó kọjá, méjì nínú àwọn díákónì wa kò kí ara wọn mọ́, àwọn ìyá kan kò sì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Báwo ni ìjọ yóò ṣe padà di ọ̀kan?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò tí ì dé kóòtù. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo rí nínú ìbéèrè yín. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ òrùlé. Èkejì ni pé àwọn kan gbà pé a ń fojú tín-ín-rín wo àwọn. Bí ẹ bá kọ́ ilé náà parí láìyanjú èkejì, ìjà yìí yóò bá yín wọ inú ilé tuntun.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, àwọn onígbàgbọ́ tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí wọ́n lọ fara dà á nítorí ìfẹ́. Ètò ni wọ́n yí padà. Ìjọ yan ọkùnrin méje, bí ẹ bá sì wo orúkọ wọn láti orí Sítéfánù dé orí Níkólà, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ó jọ pé àárín àwọn tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ará ilé ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, nítorí àwọn ará ilé ló ń gbá ilé náà, tí wọ́n sì ń jókòó sábẹ́ òjò rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí àwọn ará ẹ̀yìn odi yan ẹni tí yóò máa yẹ ìwé owó wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ní ìráhùn tí wọn kò tí ì sọ jáde, pàápàá bí wọ́n bá ti ń fi owó ránṣẹ́ tipẹ́ láìrí ìṣirò rẹ̀. Àsùnwọ̀n tí ẹ sọ yẹn kò gbọdọ̀ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, bí kọ́bọ̀ kan kò bá tilẹ̀ sọnù nínú rẹ̀. Kí owó náà wọ àsùnwọ̀n tí ó wà ní orúkọ ìjọ, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí ó tó jáde, kí ọ̀kan nínú wọn sì wá láti ẹ̀yìn odi. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nínú Kọ́ríńtì Kejì orí kẹjọ, kò dá gbé ọrẹ àwọn ìjọ lọ; ó jẹ́ kí àwọn tí ìjọ yàn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn fi kàn án.

Ta ni yóò wá dìbò? Bí ẹ bá jẹ́ ìjọ ECWA, DCC, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjọ àgbègbè wọn, lè dá sí i. Bí ẹ bá jẹ́ Anglican, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà Onítẹ̀bọmi, ìpàdé ìjọ fúnra rẹ̀ ló ní àṣẹ, ìmọ̀ràn sì ni àwọn aṣáájú láti òde lè mú wá. Ẹni tó ti gba ìwé kúrò lọ́dọ̀ yín, tó ti di ọmọ ìjọ mìíràn ní Èkó, arákùnrin yín ni, ọmọ ìlú ni, olùrànlọ́wọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ibi tó ń jọ́sìn ni ìbò rẹ̀ wà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé yín, tó ń ti Ìlọrin wá, ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì ní jù ú lọ, iye yòówù kí ó fi sílẹ̀. Ohun tí Jákọ́bù kọ nípa ọkùnrin olórùka wúrà, pé kí a má ṣe gbé olówó ga ju tálákà lọ nínú ìjọ, kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún wọn lórí WhatsApp.)

Ní ti àwọn díákónì méjì náà, ẹ má kọ́kọ́ pè wọ́n síwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Mátíù orí kejìdínlógún ní kí ẹni méjì kọ́kọ́ rí ara wọn níkọ̀kọ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, Pọ́ọ̀lù bẹ ẹnì kẹta ní Fílípì pé kí ó ran Eúódíà àti Síńtíkè, obìnrin méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan, lọ́wọ́. Ẹnì kẹta yìí ló ṣòro jù láti rí ní àwọn ìlú Ìgbómìnà, níbi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa la jẹ́ àna tàbí ìbátan ara wa. Ẹ wá olùṣọ́-àgùntàn tó ti fẹ̀yìn tì láti Òrò tàbí Àjàsẹ́-Ìpo, ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ilẹ̀ nínú ìlú yín, kí ó sì bá wọn jókòó nínú ilé.

Ẹ má bá àwọn ìyá náà wí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Jésù nípa fífi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ láti lọ bá arákùnrin ẹni làjà ni wọ́n ń tẹ̀lé. Kí ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn yín bẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì gbọ́ wọn tán.

Òrùlé náà ńkọ́? Kò sí ìkankan nínú ìhà méjèèjì tí ẹ sọ pé ó ti pe ẹnjiníà. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀ tí kò lè gbé páànù tuntun, àwọn ará Èkó jàre. Bí ó bá le, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ fi tapólì bo ibi tó ń jò ná, kí ẹ jọ san owó àyẹ̀wò náà, ìdajì láti ilé, ìdajì láti ẹ̀yìn odi, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹni tó san owó ló kọ àbájáde rẹ̀.

Kí ìpàdé ìjọ tí yóò pinnu má bọ́ sí ọjọ́ ìkórè, nígbà tí àlejò pọ̀ ju ọmọ ìjọ lọ, kí ó má sì bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ará Ìlọrin kò lè wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára, kí ìwé àbájáde ẹnjiníà àti ìṣirò owó, títí kan èyí tó wà ní Èkó, sì ti dé ọwọ́ gbogbo wọn ṣáájú.